Ẹsẹ̀ Ọlálékan Kò Purọ́

Ọ̀rọ̀ tí Mátíù fítà gbé mì láti ọdún 1955, inú ilé àdúrà kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti pọ̀ ọ́ jáde, ní ọjọ́ Àìkú kan nínú ọdún 1957, lójú gbogbo ìjọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Mátíù kò tilẹ̀ pé ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà yóò rò pé ogún ni. Ó ti Ọ̀yọ́ wọkọ̀ wá láìjẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì gbé agolo bísíkíìtì kan lé itan bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Nígbà tí Wòlíì Samuel ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde síwájú, Mátíù jáde. Àwọn ènìyàn ti ń múra láti bá a ké halelúyà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá àgbà kan tó jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì, ó ní, “Ìyá, kì í ṣe ẹ̀rí ọpẹ́ ni mo mú wá. Èmi ni mo rán Lékan lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó ṣe ohunkóhun fún mi, torí bí mo bá dákẹ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láyé.”

Kí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí má baà ṣìnà, ìyá tí ó dọ̀bálẹ̀ fún yìí ni Títílọlá, ìyá Ọlálékan. Ọlálékan ni dírẹ́bà tó ń wa ọkọ̀ Alàgbà Stephen Oyèlékè láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ onípákó tí a kọ “Ẹ̀SỌ̀ LA FI Ń JAYÉ” sí níwájú. Mátíù ni fítà tó ń tún un ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ọlálékan ni ó dúró ti Mátíù lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, Mátíù náà kì í sì í dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó má jẹun nílé Títílọlá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1955, ọkọ̀ yìí já wọ odò ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Ilé ẹjọ́ ní eré àsápajúdé ni Ọlálékan sá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó kú ni Esther, tíṣà ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọ ìjọ yìí kan náà. Rose, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní bẹ́ǹṣì apá kejì lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kò sì kí Títílọlá láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Esther. Bí ìyá ẹni tí wọ́n pè ní apànìyàn ṣe ń wá sí ilé Ọlọ́run nìyẹn: ó ń jókòó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jókòó tì í.

Mátíù ṣí agolo náà. Ó kó irin mẹ́rin jáde, irin tó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ó ní ṣúù bíréèkì ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń di táyà ẹ̀yìn mú nígbà tí dírẹ́bà bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìjánu ọkọ̀, àti pé Àlejò ni orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ní gáréèjì àwọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ènìyàn. Ọdọọdún ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ síwájú ìnsípẹ́kítọ̀ ìjọba kí ó tó gbàwé pé ó yẹ lójú títì. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ kò fẹ́ ra bíréèkì tuntun, nítorí náà wọ́n ní kí Mátíù máa tọ́jú ọ̀wọ́ kan tó dára fún gbogbo wọn. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ kan bá pé, yóò de Àlejò mọ́ ọn. Ìnsípẹ́kítọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ yóò dúró gbọn-in, yóò fọwọ́ sí ìwé. Bí ọkọ̀ bá ti padà dé, Mátíù yóò tú Àlejò, yóò dá ògbólógbòó padà sáyè rẹ̀, nítorí ọkọ̀ mìíràn ti ń retí Àlejò lọ́la. A kúkú mọ̀ ọ́n wí pé aṣọ àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni ó ń wọ aṣọ àgbàbọ̀ yìí ní Ọ̀yọ́, àwọn èrò inú wọn sì ń kọrin lọ sóko, wọ́n ń kọrin bọ̀ wálé.

Ìwà ìbàjẹ́ náà ní òfin tirẹ̀ o. Bí fítà bá ti tú Àlejò, ó gbọ́dọ̀ so àkísà pupa mọ́ ìdí sítíárì. Dírẹ́bà tó bá rí àkísà náà yóò mọ̀ pé ògbólógbòó ti padà sídìí ọkọ̀. Yóò rọra rìn, yóò fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọlálékan ní tirẹ̀ kò fara mọ́ èyí náà. Ó ti sọ fún Alàgbà Oyèlékè lójú Mátíù pé bí òun bá tún rí pupa nínú ọkọ̀ yẹn, iṣu nìkan ni òun yóò máa fi kó, òun kò ní gbé ènìyàn. Ó ní iṣu kò ní ìyá tí yóò sunkún rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò, ó yege. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Mátíù tú Àlejò, ó so àkísà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Alàgbà Oyèlékè dé, ó yọjú sínú ọkọ̀, ó rí pupa. Ó ní kí Mátíù tú u kúrò, pé ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀la, èrò ti kún ilẹ̀, Lékan kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, òun yóò ra bíréèkì tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mátíù ní bí kò bá sí àkísà, òun yóò fi ẹnu sọ fún Lékan. Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó bi í léèrè pé orí ilẹ̀ ta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Orí ilẹ̀ Alàgbà ni.

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, Mátíù na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i. “Ọwọ́ yìí ni mo fi tú u,” ó wí. “Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Alàgbà ló tú u. Alàgbà sọ̀rọ̀ ni. Èmi ni mo ní ìka.”

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, Ọlálékan dé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ sítíárì kí ó tó jókòó, ó wá àkísà títí, kò kàn án. Mátíù wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ọlálékan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, “Mátíù, ṣé Àlejò ṣì wà nílé?” Mátíù kò yọjú síta. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní kò sí nílé, Lékan kò ní gbé èrò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó ní, “Ó wà.” Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ó jáde láti abẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́, Esther sì dé pẹ̀lú àpótí ìwé rẹ̀, ó ń lọ sílé lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó kí Mátíù kú iṣẹ́. Mátíù gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a gbé e sókè, ó sì dì í mú lọ́wọ́ kí ó lè gun ọkọ̀. Lẹ́yìn Esther ni Mìkáílù wọlé, àgbẹ̀ ará Ìkòyí-Ilé, òun àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ta ẹ̀gẹ́ tán tí wọ́n ń padà lọ. Àwọn mẹ́ta náà nìyẹn. Mátíù rí gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí oòrùn tó kan àtàrí ni ìròyìn ti dé Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ sí afárá, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò dúró, ó fò kọjá igi afárá, ó forí sọ àpáta inú odò. Ọlálékan kán ní apá. Àwọn tó fà á jáde ní kò ké ìrora, kò béèrè omi. Ohun tó ń wí ṣáá ni pé, “Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.”

Mátíù ní bí òun bá dákẹ́ síbẹ̀, bóyá Ọlọ́run ì bá fojú àánú wo òun gẹ́gẹ́ bí aṣìṣe. Ṣùgbọ́n òun kò dákẹ́ síbẹ̀. Nítorí pé òun nìkan ló ní ẹ̀wọ̀n tó nípọn ní gbogbo agbègbè náà, òun ni ọlọ́pàá bẹ̀ pé kí ó lọ fa òkú ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ìnsípẹ́kítọ̀ lè wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì. Iwájú rẹ̀ ti run wómúwómú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Alàgbà Oyèlékè bá a níbẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí, omi wà lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní bí ìjọba bá rí ògbólógbòó bíréèkì nídìí ọkọ̀ yẹn, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yóò ní ọkọ̀ náà kò yẹ lójú títì, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀ fún àwọn ẹbí òkú. Ó ní ta ni yóò wá bọ́ àwọn ọmọ Mìkáílù? Ṣùgbọ́n bí bíréèkì bá dára, a jẹ́ pé dírẹ́bà ló ṣèṣì, inṣọ́ránsì yóò sanwó fún wọn, Lékan yóò sì san ìtánràn díẹ̀ tí òun yóò bá a san. Mátíù ní kí ìjọ má ṣàánú òun: òun mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ òun pé irọ́ náà wọ aṣọ àánú. Ó gbé jáàkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà ẹ̀yìn ní ọ̀sán gangan, níwájú ọlọ́pàá tí wọ́n fi ṣọ́ ọkọ̀. Ọlọ́pàá náà rò pé ó ń tú u sílẹ̀ de ìnsípẹ́kítọ̀ ni. Ó kí i kú iṣẹ́, ó tilẹ̀ bá a di ọwọ́ jáàkì mú. Báyìí ni Àlejò ṣe padà sínú ọkọ̀ tó ti pa ènìyàn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí bíréèkì tó ń kọ mọ̀nà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ọ̀yọ́, adájọ́ bi Ọlálékan bóyá ó ní ẹlẹ́rìí. Ọlálékan, tí wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, gbójú sókè, ó wo àárín èrò títí ó fi rí Mátíù. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ẹ bi Mátíù fítà. Ó mọ ọkọ̀ yẹn jù mí lọ. Ohunkóhun tó bá wí, mo fara mọ́ ọn.” Wọ́n fún Mátíù ní Bíbélì, ó gbé e sókè, ó búra. Wọ́n bi í bóyá bíréèkì ọkọ̀ náà dára ní òwúrọ̀ tó jáde. Ó ní ó dára. Wọ́n bi í bóyá ọkọ̀ tó ní irú bíréèkì yẹn lè kọ̀ láti dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ó ní bí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́, yóò dúró. Mátíù sọ fún ìjọ pé òun rò pé Ọlálékan yóò pariwo, yóò bú òun, yóò pe òun ní òpùrọ́. Ọlálékan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn tẹrí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ara rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n fún un ní ọdún mẹ́ta. Inṣọ́ránsì sanwó. Alàgbà ra ọkọ̀ mìíràn, ó kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí i níwájú.

Ẹ lè máa béèrè ohun tó wá tú Mátíù nínú lẹ́yìn tí ó ti rí gbogbo ìyẹn tí ó sì ń jẹun tí ó ń sùn. Títílọlá fúnra rẹ̀ ni. Ó ti Ìbàdàn bọ̀ láti ibi tó ti lọ wo ọmọ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan fún Mátíù, ó ní Lékan ló hun ún lẹ́wọ̀n, pé ó rán òun kí òun gbé e fún Mátíù, kí òun sì bá Lékan bẹ Mátíù. Mátíù ní kí ni Lékan fẹ́ bẹ òun fún. Títílọlá ní, “Ó ní kí o dárí ji òun pé òun pè ọ́ wá sí kóòtù, pé díẹ̀ ló kù kí òun mú ọ búra èké nítorí òun. Ó ní gbogbo ìgbà ni òun ń rò pé òun tẹ bíréèkì yẹn. Ṣùgbọ́n Mátíù ò lè parọ́ mọ́ òun. Bí Mátíù bá ní bíréèkì dára, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ òun ló purọ́.” Ó ní Lékan ti ní òun kò ní wa ọkọ̀ mọ́ láéláé, àti pé lójoojúmọ́ ni ó ń bẹ Esther àti Mìkáílù àti ìyàwó rẹ̀. Mátíù gba apẹ̀rẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ti mọ̀ pé òun fi ọ̀rẹ́ òun sẹ́wọ̀n. Kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé òun ti jí ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ nípa ara rẹ̀ gbé, tí ó fi wá di ẹlẹ́rìí tako ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tí Mátíù sọ ọ́ dé òpin, ó yí ojú sí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ó ní ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ nínú wọn kí ó wo òun dáadáa, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá kan yóò ní kí òun náà tú àkísà pupa tirẹ̀. Wòlíì Samuel gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ gbàdúrà ìdáríjì. Àfi bí Rose ṣe dìde. Ó sọdá láti apá kejì, àwọn ènìyàn sì rò pé yóò na ọkùnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú irin wọ̀nyí, ó gbé e lọ́wọ́ bí ẹni ń fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó.

“Nígbà tí o gba àpótí lọ́wọ́ Esther,” ó bi í, “o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀,” ni Mátíù wí.

Rose gbé irin náà sílẹ̀. Kò padà sí àyè rẹ̀. Ó lọ jókòó ti Títílọlá, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà náà ni ìyá àgbà náà sọ fún wòlíì pé kí ó jọ̀wọ́ dúró ná. Ó bi Mátíù bóyá Lékan tẹ bíréèkì yẹn. Mátíù ní ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ó tún un wí. Mátíù ní, “Ìyá, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò purọ́. Èmi ni mo purọ́.”

“Dìde nílẹ̀,” ni Títílọlá wí. “Kì í ṣe iwájú mi lo ti búra. Ibi tí o ti búra ni kí o ti lọ wí i.”

Ọjọ́ Ajé ni Mátíù gbé agolo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Ọ̀yọ́, àkísà pupa wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ dàrú. Alàgbà Oyèlékè ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ Àlejò, títí dírẹ́bà méjì fi wá jẹ́rìí pé àwọn náà ti gbé Àlejò lọ síwájú ìnsípẹ́kítọ̀ rí. Wọ́n ti àwọn méjèèjì mọ́lé títí ẹjọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí òkú gba lọ́yà, wọ́n ní Alàgbà fúnra rẹ̀ ni àwọn ń pè lẹ́jọ́ báyìí. Ìyàwó Mátíù kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀, wọ́n sì wó ṣọ́ọ̀bù náà kúrò lórí ilẹ̀ Alàgbà. Mátíù gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú àtìmọ́lé, kò dun ún tó bó ṣe rò. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń retí, ìyẹn ni ohun tí Ọlálékan yóò wí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Títílọlá dé láti Ìbàdàn. Wọ́n jẹ́ kí ó dúró lẹ́nu irin ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti sọ fún Lékan. Ó ní Lékan kàn ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ẹsẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀ pátápátá, ó ní, “Ìyá, mo tẹ̀ ẹ́,” ó sì bú sẹ́kún. Mátíù di irin ilẹ̀kùn mú. Ó bi ìyá náà bóyá Lékan fi iṣẹ́ kankan rán an sí òun.

“Ó ní kí n gba ẹ̀bẹ̀ tó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́sí padà lọ́wọ́ rẹ,” ni Títílọlá wí.

Mátíù kúnlẹ̀. Ó ní, “Mo dá a padà, Ìyá. Ẹ̀bẹ̀ tèmi nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e lọ fún un.”

Ìyá àgbà náà wò ó pẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń bu oúnjẹ fún Mátíù nígbà kan. Ó mi orí.

“Mi ò ní í gbé e,” ó wí. “Di tìẹ mú. Nígbà tí Lékan bá jáde, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá gbọ́ ọ.”